Orúkọ Tí A Tì Pa Pẹ̀lú Àpáta

Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Labuna,
Erékùṣù Daweli,
Papua Niu Gini.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Keje, 1987.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo mọ̀ pé kí ẹ tó ṣí ìwé yìí ni àyà yín ti já. Ẹ ti rí orúkọ yín lára àpòòwé, gbogbo rẹ̀ pátá bí wọ́n ṣe sọ yín, dípò orúkọ ìyàwó yín tí mo ti ń kọ sí i láti nǹkan bí ogún oṣù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì bínú. Kì í ṣe pé mo gbàgbé, kì í sì í ṣe pé a ti se àsè láì ránṣẹ́ pè yín. Ìyá wa fúnra wọn ló ní kí n kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí yín bó ṣe yẹ, n ó sọ bó ṣe jẹ́.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá èbúté. Báwo ni òjò Lae? Báwo ni ẹ̀yìn tó ń dùn yín nígbà tí ẹ kọ̀wé kẹ́yìn? Mo gbàdúrà pé ọ̀gá yín ti gbé yín kúrò nídìí ẹrù wíwúwo. Ṣé ibà ti fi Geua ìyàwó yín sílẹ̀? Ẹ bá mi kí i gan-an. Ẹ sọ fún un pé aṣọ olódòdó tó fi ránṣẹ́ sí Ìyá bá wọn mu, àmọ́ inú àpótí ló ṣì wà nítorí aṣọ dúdú kò tíì kúrò lọ́rùn wọn. Kila kékeré ńkọ́? Ṣé ó ti ń rìn? Ẹ máa bá a sọ èdè wa o. Bí ó bá dé ibí tó ń sọ èdè ìyá rẹ̀ nìkan, àwọn ọmọ kíláàsì mi yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́ dọ́la.

Ní tiwa, a wà. Afẹ́fẹ́ gúúsù ti kó òjò rẹ̀ dé, òrùlé kíláàsì mi sì ń jò débi pé àwọn ọmọ ti mọ ibi tí kì í jò ju ibi tí mo kọ nǹkan sí lójú pátákó lọ. Iṣu ta dáadáa lọ́dún yìí. Ẹlẹ́dẹ̀ tí à ń sìn fún àsè náà ti tóbi, ṣùgbọ́n kò tíì tó. Bàbá Gidiona aládùúgbò wa a máa wá wò ó láràárọ̀, wọ́n á ní kí a má ṣe jẹ́ kó mọ ohun tí a torí rẹ̀ ń bọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ti ń rẹ́rìn-ín títí di oṣù karùn-ún.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a ri ọ̀pá mọ́ etí àpáta iyùn wa nínú òkun. Ẹ̀yin gan-an lẹ so imọ̀ àgbọn mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó ju ìwọ̀ tàbí àwọ̀n síbẹ̀, kò sí ẹni tó fi ẹ́ńjìnnì gba orí rẹ̀ kọjá. Kò sì sí ẹni tó la ẹnu pe àbúrò Ìyá wa, olóògbé tó ni àpáta náà, lórúkọ mọ́. Ẹni wa ni à ń pè wọ́n. Ọjọ́ kan náà la ti àpáta pa, tí a ti orúkọ pa, ọjọ́ àsè kan náà ló sì yẹ kí a ṣí méjèèjì: kí a pa ẹja àkọ́kọ́, kí a sè é, kí Ìyá wa tí í ṣe àgbà wọn dìde láàárín gbogbo èèyàn, kí wọ́n pe orúkọ náà, kí gbogbo wa wá máa pè é tẹ̀lé wọn. Mo ṣì rántí bí Ìyá wa ṣe dì yín mú ní etíkun nígbà tí ẹ fẹ́ wọkọ̀ padà sí Lae. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ orúkọ ẹni wa ni wọ́n sọ yín, ẹ̀yin náà ti di aláìlórúkọ nìyẹn títí di ọjọ́ àsè. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní ṣebí ẹni tó jẹ gbèsè nìkan ni orúkọ ń yọ lẹ́nu.

Ọdún tó kọjá ni ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ wa jókòó sí ìlú ńlá, tí wọ́n ṣe òfin tuntun lórí àpáta inú òkun. A gbọ́ ọ lórí rédíò pásítọ̀. Wọ́n ní ìdílé tó bá ní àpáta gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kí oṣù kẹfà ọdún yìí tó parí. Àpáta tí kò bá ní ìwé ti di ti ìjọba, ìjọba sì lè jẹ́ kí àwọn ọlọ́kọ̀ ńlá tó ní ìwé àṣẹ wá pa ẹja níbẹ̀. Ká má purọ́, a pàtẹ́wọ́. Ẹ mọ iye ọdún tí àwọn ará òdìkejì erékùṣù ti ń bá wa fa àpáta apá ìlà oòrùn. A ní òfin ti dé, ìjà ti parí. Aṣojú wa wá, ó jẹ ẹlẹ́dẹ̀ wa, ó ní ìjọba ń dáàbò bo ohun tí àwọn baba ńlá wa fi sílẹ̀. Èmi náà dúró síwájú, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn àgbà pẹ̀lú ìdùnnú.

Oṣù kẹta ni akọ̀wé ìjọba dé pẹ̀lú àwọn fọ́ọ̀mù. Ta lẹ rò pé wọ́n rán? Maika, ọmọ pásítọ̀ wa àtijọ́, tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ní kíláàsì kẹfà, ẹni tí ẹ máa ń gbé sẹ́yìn nígbà tí a bá ń fi ẹsẹ̀ la omi kọjá nígbà omi kíkún. Ó ti wọ bàtà báyìí. Ṣọ́ọ̀ṣì ló jókòó sí, ó sì bẹ̀ mí pé kí n bá àwọn ìdílé kọ fọ́ọ̀mù nítorí èmi ni olùkọ́. Ìdílé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo kọ tiwọn láàárín ọjọ́ méjì. Ọwọ́ mi wú. Ìbéèrè méje ló wà níbẹ̀, ìkẹrin sì ni pé kí a kọ orúkọ ẹni tó ni àpáta náà kí ó tó kan ẹni tó ni ín báyìí.

Mo ka ìbéèrè yẹn sókè. Bàbá Gidiona, tí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n wọn ní ọdún tó kọjá, kó búáì tí wọ́n ń rún lẹ́nu bí obì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, wọ́n ní, "Kí ni wọ́n fẹ́ fi orúkọ òkú ṣe? Àbí owó orí tó jẹ wọ́n ni wọ́n fẹ́ lọ gbà ní sàréè?" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, Maika náà rẹ́rìn-ín. Àwọn tí òkú wọn ti pẹ́, tí wọ́n ti se àsè, dáhùn láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n ìdílé mẹ́rin wà tí òkú wọn ṣì tutù, tiwa àti ti Bàbá Gidiona sì wà nínú wọn. Fún àwọn mẹ́rin yìí, mo fi ojú ìbéèrè kẹrin sílẹ̀ lófìfo. Kò sí ẹni tó ní kí n fi í sílẹ̀. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé mo lè ṣe ohun mìíràn. Maika gba àwọn fọ́ọ̀mù náà, ó wo ojú òfìfo yẹn, ó wo bàtà rẹ̀, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò. Mo rò pé ohun tí mo mọ̀ lòun náà mọ̀, àti pé àwọn tó rán an wá yóò mọ̀ ọ́n bákan náà.

Ẹ̀gbọ́n mi, lójoojúmọ́ ni mò ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n má fi ìbéèrè kankan sílẹ̀ láì dáhùn. Èmi olùkọ́ ló wá fi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí bí egbò.

Ní oṣù karùn-ún, fọ́ọ̀mù mẹ́rin padà dé pẹ̀lú ìlà pupa. Wọ́n kọ lẹ́tà mọ́ ọn pé nítorí àwọn èké tó ti ń fi orúkọ òkú gba àpáta olóhun ní àwọn ibòmíràn, ìwé kíkọ nìkan kò tó mọ́. Ẹbí òkú nípa ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ wá sí ọ́fíìsì ní ìlú ńlá kí oṣù kẹfà tó parí, kó fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ẹni tó ni àpáta náà tẹ́lẹ̀, kí ẹlẹ́rìí méjì sì gbọ́ ọ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Àwọn méjì nínú wa ti se àsè wọn ní oṣù kẹrin, ẹnu wọn ti ṣí. Ó wá ku àwa àti Bàbá Gidiona.

Ẹ má rò pé a jókòó, a káwọ́ gbera. Mo kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n ṣàánú wa, kí wọ́n fún wa ní oṣù mẹ́ta sí i, pé ìparí oṣù kẹsàn-án ni àsè wa, a ó pe orúkọ náà fún wọn lẹ́yìn rẹ̀ títí tí yóò fi sú wọn. Èsì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìlà méjì péré: òfin kò fi àyè irú rẹ̀ sílẹ̀. A tún gbèrò pé kí a fa àsè náà súnmọ́ tòsí. Ṣùgbọ́n iṣu ṣì wà nínú ilẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ kò tó, àwọn àna ẹni wa sì wà ní erékùṣù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí a kò lè ránṣẹ́ sí nínú afẹ́fẹ́ tó ń jà yìí. Àsè tí àwọn àna kò bá jẹ kì í ṣe àsè. Ẹ̀yin náà mọ̀.

Nígbà tí mo ka èsì yẹn fún Ìyá wa, ẹní ni wọ́n ń hun. Wọn kò dá ọwọ́ dúró. Wọ́n ní, "Àpáta lè di tìjọba. Orúkọ ọmọ ìyá mi ò lè di tìjọba." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Inú bí mi, mo sì gbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Síbẹ̀ mo ń ronú nípa yín. Ìwọ̀nba owó èbúté ni ẹ̀ ń fi gbọ́ bùkátà, ẹ̀yìn sì ń dùn yín. Ẹ ti kọ̀wé pé lẹ́yìn àsè lẹ ó kó Geua àti Kila wálé, kí ẹ gba àpáta náà, kí ẹ jókòó tì wá. Àpáta yẹn ló jẹ́ kí gbogbo wa mọ̀wé, òun nìkan sì ni ogún tó kàn yín láyé yìí láti ọ̀dọ̀ ẹni wa. Bí a bá jẹ́ kó lọ, kí lẹ ó padà wá bá? Mo wá pinnu nínú ọkàn mi pé èmi ni n ó lọ. Ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣí orúkọ kí ọjọ́ tó pé kò gbọdọ̀ jókòó lórí ẹní ọ̀fọ̀ mọ́, kò sì gbọdọ̀ jẹ nínú àsè. Ìta ni yóò wà. Mo ní kò burú, èmi ni mo fi ojú ìbéèrè sílẹ̀ lófìfo, kí èmi ó lọ jókòó síta.

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà, tó ku ọjọ́ kan péré, mo yá ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sọ fún Ìyá pé mo fẹ́ lọ gba ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ní ìlú ńlá. Wọ́n wò mí, wọ́n mú agbọ̀n wọn, wọ́n wọnú ọkọ̀, wọ́n jókòó. Mo ní òjò pọ̀. Wọ́n ní àwọn ti rí òjò rí. Wákàtí márùn-ún la fi wà lórí omi.

Ọ́fíìsì náà kún. Òjò ń lu páànù débi pé ẹni tó dúró tì mí ń sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Maika ló wà nídìí tábìlì. Awakọ̀ ọ́fíìsì àti obìnrin tó ń po tíì fún wọn ni wọ́n fi ṣe ẹlẹ́rìí, àwọn méjèèjì jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, èèyàn ibòmíràn sì ni wọ́n. Nígbà tó kàn wá, Maika kí Ìyá wa, kò sì lè wò wọ́n lójú. Ó bi wá pé ta ló ni àpáta náà tẹ́lẹ̀.

Mo ti ń ka orúkọ yẹn sínú láti inú ọkọ̀. Mo la ẹnu. Ìyá wa gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi lórí tábìlì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an, wọ́n sì pe orúkọ náà kí ohùn mi tó jáde.

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n pè é. Mo rí i pé Maika gbọ́, nítorí kálámù rẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n awakọ̀ na ọrùn, ó ní òun kò gbọ́ o, òjò yìí ti pọ̀ jù. Ìyá wa tún un pè. Obìnrin tó ń po tíì dìde, ó súnmọ́ wọn, tìtìjú-tìtìjú ló sì fi ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe èèyàn burúkú rárá. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ fọwọ́ sí ohun tí n ò bá gbọ́. Ẹ bá mi pè é sókè."

Ìyá wa wá dìde dúró. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rántí ìrọ̀lẹ́ tí ẹni wa jáde lọ sórí àpáta tí wọn kò padà, tí Ìyá wa dúró ní etíkun tí wọ́n ń pè wọ́n pé oúnjẹ ti ń tutù. Èmi ni mo dúró tì wọ́n lọ́jọ́ yẹn. Bí wọ́n ṣe pè wọ́n lọ́jọ́ náà, tí wọ́n fa òpin rẹ̀ gùn kí ó lè kọjá ìgbì, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe pè é nínú ọ́fíìsì yẹn. Gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà yíjú padà. Awakọ̀ ṣí fìlà rẹ̀, n kò mọ ohun tó rò pé ó jẹ́. Maika kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá béèrè, láì gbójú sókè, pé ta ni yóò ni àpáta náà báyìí.

Ìyá wa ní, "Orúkọ kan náà."

Ó kọ ọ́ sábẹ́ èkíní. Ó lu òǹtẹ̀. Nígbà tí a ń jáde, ó sáré bá wa dé ẹnu ọ̀nà nínú òjò, ó na agboòrùn ọ́fíìsì sí Ìyá wa. Wọ́n gbà á, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò sì ṣí i.

Nígbà tí a ń padà, òjò ti dá. A rí ọ̀pá wa láti òkèèrè, imọ̀ àgbọn tí ẹ so mọ́ ọn ti gbẹ, ó ti di ẹyọ mẹ́ta. Ìgbà náà ni Ìyá wa sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Sinedi, ṣé mo pè é dáadáa?"

Mo ní wọ́n pè é dáadáa.

Wọ́n ní, "Ó ti pẹ́. Mo rò pé ẹnu mi á ti gbàgbé."

Omi bọ́ lójú mi, mo sì dojú kọ ẹ́ńjìnnì kí wọ́n má bàa rí i. Kí a tó dé ilé ni wọ́n ti sọ fún mi pé àwọn mọ ohun tí mo gbé sọ́kàn wá láti ilé. Wọ́n ní àwọn kò lè jókòó sórí ẹní kí àwọn máa wò mí níta. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ká ẹní ìsùn wọn kúrò ní pálọ̀ tí a tẹ́ ẹní ọ̀fọ̀ sí, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìdáná. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn di òní. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Pásítọ̀ wá, ó ní Ọlọ́run kò ka irú èyí sí ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò sọ pé Ọlọ́run kà á.

Bàbá Gidiona kò lọ ní tiwọn. Wọ́n ní kí ìjọba máa kó o lọ. Ọjọ́ kẹfà oṣù yìí ni ọkọ̀ ńlá kan dé, ó dúró sẹ́yìn àpáta wọn, ó ju àwọ̀n sílẹ̀ láì bi ẹnikẹ́ni, ó sì ní ìwé lọ́wọ́ lóòótọ́. Kí àwọ̀n tó kan ọ̀pá ọ̀fọ̀ wọn, Bàbá Gidiona fúnra wọn wa ọkọ̀ jáde, wọ́n fa ọ̀pá náà tu, wọ́n sì gbé e wálé bí ẹni gbé ọmọ. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kó wà níbẹ̀ kó máa wò ó. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n wá sí ilé ìdáná wa, wọ́n jókòó ti Ìyá, wọ́n fún wọn ní búáì. Mò ń fọ ìkòkò, mo gbọ́ tí wọ́n ní, "Ìwọ ní ìwé, èmi ní orúkọ. Ta ló gbọ́n jù nínú wa?" Ìyá ní kí wọ́n má da àwọn láàmú. Wọ́n jẹ búáì náà tán, wọ́n sì lọ sùn.

Ìwé àpáta wà nínú àpótí pẹ̀lú aṣọ olódòdó ìyàwó yín. Ó mọ́ tónítóní. Orúkọ yín wà níbẹ̀, ó wà lábẹ́ ara rẹ̀, ẹni tí kò bá mọ̀ wá yóò rò pé akọ̀wé ló ṣèèṣì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. N kò lè kọ ọ́ sínú lẹ́tà yìí. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, mo sì ya ìwé náà. Ti ara àpòòwé yẹn, Ìyá ló dúró lé mi lórí, wọ́n ní ohun tó ti ṣí ti ṣí, kí àwọn onílẹ́tà Lae yé da ìyàwó oníyàwó láàmú.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ wá síbi àsè ní ìparí oṣù kẹsàn-án. Bí ọ̀gá yín kò bá fún yín láyè, ẹ sọ fún un pé ìyá yín ń ṣàìsàn, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òótọ́. Bí a bá ń pín ẹja, àwọn ọkùnrin yóò ní kí ẹ wá jókòó láàárín nítorí ẹ̀yin ni ẹ ni àpáta. Ẹ má lọ. Abẹ́ igi mángòrò ní ẹ̀yìn ilé ìdáná ni Ìyá wa sọ pé àwọn yóò wà. Ẹ lọ jókòó tì wọ́n, bí ebi tilẹ̀ ń pa yín. N kò mọ ẹni tí yóò dìde pe orúkọ náà lọ́jọ́ yẹn. Kò sí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́, gbogbo wa la sì ń ronú nípa rẹ̀.

Ẹ bá mi kí Geua, ẹ bá mi gbé Kila jó díẹ̀. Ẹ kí àwọn ará wa tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, ẹ sọ fún àwọn tó ní àpáta nílé pé kí wọ́n kọ̀wé béèrè bí tiwọn ṣe rí. Bàbá Gidiona kí yín, wọ́n ní kí ẹ ra ìwọ̀ ńlá wá bọ̀, ẹnì kan ṣì lè jẹ́ kí àwọn lò ó.

Ohun kan ló kù tí Ìyá wa ní kí n kọ. Wọ́n ní bí ọkọ̀ yín bá ti yọ lókèèrè lórí omi, àwọn yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etíkun, àwọn yóò sì fi orúkọ pè yín. Wọ́n ní kí n ti sọ ọ́ fún yín sílẹ̀, kí ẹ má bàa máa wo omi tàbí kí ẹ máa palẹ̀ ẹrù mọ́. Kí ẹ tètè dáhùn.

Èmi àbúrò yín tó ń wo ọ̀nà,
Sinedi.